Ọmọ ti pé oṣù márùn-ún, ara ìyá ò tíì yá: bí a ṣe ń mọ̀ bóyá táírọ́ìdì ló ń falẹ̀

Nígbà tí àbúrò mi bí àkọ́bí rẹ̀, ogójì ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ni ín lára rárá. Ìyá wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, omi gbígbóná kì í kúrò lórí iná, ọmọ náà kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìgbà tí kálukú ti padà sílé, tí ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn, ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni àbúrò mi. Á jókòó ti ẹ̀rọ, á ti okùn bọ abẹ́rẹ́, á wá máa wo aṣọ nítorí kò rántí ohun tó fẹ́ rán mọ́. Lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo wa ń fi bébà fẹ́ ara wa, súwẹ́tà ló wà lọ́rùn tirẹ̀. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò wọ ìka mọ́. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é. Oṣù mẹ́ta gbáko kọjá kí nọ́ọ̀sì kan tó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibẹ̀ la ti mọ̀ pé táírọ́ìdì ni.

Táírọ́ìdì jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré kan níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́. Gẹ̀gẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ẹṣẹ́ yìí ló wú. Họ́mọ̀nù tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń pinnu bí ara ṣe máa yára tó: bí ọkàn ṣe ń lù, bí oúnjẹ ṣe ń dà, bí ara ṣe ń móoru. Tí obìnrin bá lóyún, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó ń bá àìsàn jà máa ń rọra ṣe kí wọ́n má baà bá ọmọ inú jà. Lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ tagbáratagbára, lára àwọn ìyá kan, wọ́n á ṣi táírọ́ìdì mú fún ọ̀tá. Nínú ọgọ́rùn-ún ìyá, bíi 5 sí 10 ló máa ń ṣe láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ó lè ṣe ẹni tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn.

Ẹ kọ́kọ́ ka oṣù

Àìsàn yìí máa ń wá ní apá méjì. Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹrin, họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ náà ti tọ́jú pamọ́ á máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, òógùn á máa bo èèyàn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ìyá á máa rù, oorun kò ní kùn ún bí ọmọ tilẹ̀ sùn. Púpọ̀ kì í fura, torí ta ni kì í ṣàìsùn nígbà tó ní ọmọ ọwọ́? Lẹ́yìn náà, láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹjọ, ohun tó wà nípamọ́ tán, ẹṣẹ́ tó ti ṣèṣe kò sì lè pèsè òmíràn tó. Ara á wá falẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń la apá méjèèjì kọjá. Àwọn kan kò rí ti ìṣáájú rárá, ti ìfàsẹ́yìn nìkan ni wọ́n rí.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni dókítà sábà máa ń rí ìyá gbẹ̀yìn, á ní gbogbo nǹkan ti bọ́ sípò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Ìgbà tí àìsàn ìyá dé, kò sẹ́ni tó ń wo ìyá mọ́.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ohun tí ara ń sọ. Ṣé àárẹ̀ náà kì í lọ bí ẹ tilẹ̀ sùn dáadáa? Ṣé òtútù ń mú yín níbi tí ooru ti ń mú ẹlòmíràn? Ẹ wo ìgbẹ́ bóyá ó ti le, ẹ wo awọ ara bóyá ó gbẹ tí òrí kò ràn án mọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ yín bóyá ohùn yín ti há. Ojú tó ń wú láàárọ̀, ara tó ń sanra láìjẹ pé oúnjẹ pọ̀ sí i, iṣan tó ń roni, ìgbàgbé, nǹkan oṣù tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, omi ọyàn tó ń dínkù: gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó wà nínú ìwé yẹn.

Ti irun, ẹ rọra. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta tí èèyàn bímọ, irun ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń re, ìyẹn nìkan kò tó láti fi dẹ́rù ba ara ẹni.

Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kí ẹ gbé omi mì, kí ẹ máa wo ìsàlẹ̀ gògóńgò. Bí ohun kan bá yọ síbẹ̀ tó ń gòkè pẹ̀lú omi, ẹ sọ fún dókítà. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ìyẹn kò ní kí táírọ́ìdì máà falẹ̀. Ọrùn àbúrò mi dán gbinrin.

Ẹ má tíì fi orúkọ sí i

Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó máa ń rẹ èèyàn báyìí náà. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè bá ti táírọ́ìdì rìn pọ̀, nítorí náà ìyá tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì yẹ kó ní kí wọ́n yẹ táírọ́ìdì òun wò. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń rò ó láti pa ara rẹ̀ tàbí ọmọ lára, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Àbísínwín ní ìtọ́jú.

Bí ẹ bá sun ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ, tí omi ọyàn kò wá rárá, tí nǹkan oṣù kò sì padà, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ó lè jẹ́ ẹṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì, ló ṣèṣe. Ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSH (mo máa ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀) nìkan sì lè tan dókítà jẹ níbẹ̀.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kìn-ín-ní, ẹni tí irú èyí ti ṣe lẹ́yìn ìbímọ ìṣáájú, àti ẹni tí àìsàn táírọ́ìdì wà nínú ẹbí rẹ̀, kí wọ́n tètè fura.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Ní Nàìjíríà, ẹ ṣì máa gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi (measles) àti ibà pọ́njú ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ lè fi ọjọ́ yẹn béèrè ti ara yín, àmọ́ bí ara bá ti ń ṣe yín ní oṣù karùn-ún, ẹ má dúró. Ẹ mú ìwé yín dání, kí ẹ sọ ọ́ báyìí: "Mo bímọ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, òtútù ń mú mi, ó ń rẹ̀ mí, mo ń gbàgbé nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ TSH àti free T4 wò, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ mi tó." Bí owó bá wà, wọ́n lè fi ti TPO kún un, òun ló ń fi hàn bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ló ń bá táírọ́ìdì jà.

TSH ni ohùn tí ẹṣẹ́ ìsàlẹ̀ ọpọlọ fi ń pe táírọ́ìdì sí iṣẹ́. Bí táírọ́ìdì kò bá dáhùn, ohùn náà á máa ròkè. T4 ni họ́mọ̀nù tí táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. TSH tó ga pẹ̀lú T4 tó lọ sílẹ̀ túmọ̀ sí pé táírọ́ìdì ti falẹ̀. Bí TSH nìkan bá ga díẹ̀, dókítà lè ní kí ẹ padà wá ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwọ̀n tí láàbù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì ni kí ẹ fi wé, torí ti láàbù kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Ohun kan wà tí púpọ̀ kò mọ̀: oògùn irun tí wọ́n ń pè ní biotin lè da èsì àyẹ̀wò yìí rú. Bí ẹ bá ń lò ó nítorí irun tó ń re, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ méjì ó kéré tán kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ń lò ó.

Bí dókítà bá kọ oògùn

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀. Àwọn tí ara ń ni, àti àwọn tó fẹ́ tún lóyún, ni wọ́n sábà máa ń fún ní levothyroxine, tó jẹ́ irú họ́mọ̀nù tí táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ẹ lè máa fún ọmọ lọ́yàn lọ láìbẹ̀rù.

Bí a ṣe ń lò ó ṣe pàtàkì. Omi lásán ni kí ẹ fi gbé e mì lórí ikùn òfìfo, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó mu ẹ̀kọ, tíì tàbí kọfí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún ìyá ọlọ́mọ, àti oògùn kálísíọ̀mù, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn: ó yẹ kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín wọn. Àbúrò mi máa ń lo tirẹ̀ nígbà tí ọmọ bá jí mu ọyàn ní ìdájí, oògùn ẹ̀jẹ̀ wá di ti alẹ́. Kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń da méjèèjì sẹ́nu, tí oògùn kò sì ṣiṣẹ́.

Ara kì í yá lọ́jọ́ kejì, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ìwọ̀n oògùn tó. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì fi kún un nítorí pé ẹ fẹ́ rù. Ó lè da ọkàn rú.

Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi bò. N kò mọ àgbo kankan tó lè rọ́pò họ́mọ̀nù yìí. Ẹ máa fi iyọ̀ tó ní áyódínì se ọbẹ̀, ó tó. Ẹ má lọ ra áyódínì olómi mu, torí àpọ̀jù rẹ̀ lè tún fa táírọ́ìdì sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù gàrí nítorí táírọ́ìdì, èyí tí wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án kò ní ẹjọ́ kankan.

Bí ẹ ṣe máa gbé pẹ̀lú rẹ̀

Ẹ bẹ èèyàn níṣẹ́ tó lórúkọ. "Ẹ bá mi fọ aṣọ ọmọ ní Sátidé" ń mú ìrànlọ́wọ́ wá ju "ó ń rẹ̀ mí" lọ. Kí ọkọ bá yín lọ gba èsì àyẹ̀wò, kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jókòó kí ẹ tó gbé ọmọ sọ́yàn bí òòyì bá ń kọ́ yín. Omi, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, àti ìrìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́ á ran ìgbẹ́ líle lọ́wọ́. Àmọ́ bí ìyá bá ń sùn tí kò ṣeé jí, tí ara rẹ̀ tutù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọra wọn, pàjáwìrì nìyẹn.

Ara ọ̀pọ̀ ìyá máa ń bọ̀ sípò láàárín oṣù 12 sí 18. Bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀ kì í padà, á sì máa lo oògùn lọ. Dókítà ló máa ń gbìyànjú láti dín in kù lẹ́yìn bí ọdún kan. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá pẹ̀lú yẹ kó máa ṣe àyẹ̀wò TSH lọ́dọọdún. Bí ẹ bá tún lóyún nígbà tí ẹ ṣì ń lo oògùn, ẹ má dá a dúró. Ẹ yára sọ fún dókítà, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti fi kún un.

Nígbà tí àbúrò mi lóyún èkejì, ọjọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ìwé àyẹ̀wò ti àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì nọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ̀.