Ẹ Má Fi Omi Oṣù Kọkànlá Díwọ̀n Àkùrọ̀ Yín

Àwọn tó ń gbin tòmátò, ata, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ní àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà létí odò Àsà ní Ìlọrin tàbí lẹ́bàá odò Ọ̀yún lápá Ọ̀ffà. A kò ní í sọ̀rọ̀ lórí ebè kíkọ tàbí ata lílọ́, nítorí ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Ohun tí a ń rí lọ́dọọdún ni pé, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí kànga ṣì kún, àgbẹ̀ á kọ ebè títí ilẹ̀ yóò fi tán, omi á wá já a kulẹ̀ ní oṣù kejì, lásìkò tí tòmátò ń tanná gan-an.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń le ni ebè ń béèrè omi sí i, tí kànga sì ń fà sẹ́yìn. Ìyípadà ojú-ọjọ́ ti mú kí èyí burú sí i: ayé ti fi ohun tó lé ní 1°C móoru ju bó ṣe rí láàárín 1850 sí 1900 lọ, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó bá fi 1°C gbóná sí i lè gba omi tó fi nǹkan bí 7% pọ̀ sí i, ara ewé àti ilẹ̀ yín ni yóò sì ti fà á.

Ebè pẹrẹsẹ tó fẹ̀ ní mítà 1 tó sì gùn ní mítà 10 yóò gba lítà 50 lójúmọ́ bí ewé bá ti bò ó, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Fún ooru oṣù kejì àti ìkẹta, ẹ kà á sí lítà 60. Ní oṣù kọkànlá, ẹ gbọ́n kànga gbẹ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ka iye kẹ́ẹ̀gì tó sun títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí ẹ sì pín in sí méjì, nítorí kànga yóò ti fà sẹ́yìn kó tó di oṣù kejì. Bí ó bá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 40, 20 ni kí ẹ gbára lé, ìyẹn lítà 500, tí kò tó ju ebè 8 lọ. Ẹni tó bá ní dandan 16 lòun yóò kọ, kó má wá di ẹ̀bi ru òjò. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kò yí ìṣirò yìí padà. Ńṣe ló kàn ń tètè gbọ́n èyí tó wà níbẹ̀ tán.

Bí omi bá sì dín kù lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe wọ́n díẹ̀díẹ̀ sórí gbogbo ebè, nítorí òkè ilẹ̀ ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń dúró sí, oòrùn á sì ti gbé e lọ kó tó di ọ̀sán. Ẹ fa tẹ̀tẹ̀ tu kí ẹ tà á, kí ẹ sì fún tòmátò àti ata tó ń tanná ní ẹ̀kún omi, ṣáájú agogo 8 àárọ̀ tàbí lẹ́yìn agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi koríko gbígbẹ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 bo ilẹ̀, kó má kan igi ọ̀gbìn. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ fi àdá la ilẹ̀ wò. Bí ọ̀rinrin kò bá dé sẹ̀ǹtímítà 15, omi kò tó.

Ní ti tòmátò tí ìsàlẹ̀ èso rẹ̀ dúdú tó sì jin sínú, ọ̀pọ̀ yín ń sáré fín oògùn kòkòrò sí i. Kòkòrò kọ́, omi tó pọ̀ lónìí tó sì wọ́n lọ́la ló sábà ń fà á. Ẹ já èyí tó ti bàjẹ́ dànù, kí ẹ sì jẹ́ kí omi máa dọ́gba.