Ọkọ̀ wa ló kọ́kọ́ dé, kí ló dé tí a kò gba ipò kìíní? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìdíje catamaran oríṣiríṣi

Ìbéèrè: Ọkọ̀ wa fi ìṣẹ́jú 7 ṣáájú èyí tó tẹ̀ lé e, síbẹ̀ èyí tó wà lẹ́yìn wa ni wọ́n kọ sí ipò kìíní. Ṣé kì í ṣe àṣìṣe nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ àṣìṣe rárá. Nínú ìdíje tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo irú catamaran, ìyẹn ọkọ̀ onígbòkun tí a so ara méjì pọ̀, ọkọ̀ tó gùn tí ìgbòkun rẹ̀ sì tóbi máa ń sáré ju kékeré lọ, bó ti wù kí atukọ̀ kékeré náà mọṣẹ́ tó. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún irú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye ìdíwọ̀n tirẹ̀. Ètò SCHRS, tí a ṣe fún àwọn catamaran kékeré, ń wo gígùn ọkọ̀, ìwúwo rẹ̀ àti bí ìgbòkun rẹ̀ ṣe tóbi tó, kí ó tó ṣírò iye yìí. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń yára tó ni iye rẹ̀ ń kéré tó, iye yìí ni a sì fi ń pín àkókò tí ọkọ̀ lò lórí omi.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé iye tiyín jẹ́ 1.00, ẹ sì lo wákàtí kan gééré, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Ọkọ̀ kejì, tí iye rẹ̀ jẹ́ 1.15, lo ìṣẹ́jú 67, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 4,020. Bí a bá fi 1.15 pín 4,020, yóò ku nǹkan bí 3,496. Ó ti fi ìṣẹ́jú àáyá 104 borí yín. Ìṣẹ́jú 9 ni ẹ jẹ ẹ́ lórí omi (3,600 lọ́nà 1.15 jẹ́ 4,140, ìyẹn ìṣẹ́jú 69), 7 péré ni ẹ san.

Ìbéèrè: A ti ṣe ìṣirò náà, kò sì bá ti ìgbìmọ̀ mu. Níbo ni kí a wò?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe forúkọ ọkọ̀ yín sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lo spinnaker, ìgbòkun ńlá tí a ń ta síwájú nígbà tí a bá ń bá afẹ́fẹ́ lọ, kì í ní iye kan náà pẹ̀lú irú rẹ̀ tí kò lò ó. Àṣìṣe 0.01 péré nínú iye tó sún mọ́ 1.00 tó ìṣẹ́jú àáyá 36 nínú ìdíje wákàtí kan, èyí sì tó láti yí ipò padà. Ẹ tún wo bóyá gbogbo ọkọ̀ ló yí ipa ọ̀nà náà ká iye ìgbà kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé ètò kan ṣoṣo ni wọ́n lò: àwọn iye Portsmouth Yardstick, ètò ìdíwọ̀n mìíràn, ń lọ ní àyíká 1000, ti Texel, tí òun náà jẹ́ ètò ọ̀tọ̀, ní àyíká 100, a kò sì gbọ́dọ̀ pò wọ́n mọ́ ti SCHRS. Èyí rọrùn láti rí. Èyí tó ń fara pa mọ́ ni nọ́ńbà ìgbòkun tí wọ́n ṣì kà nígbà tí ọkọ̀ púpọ̀ jọ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Bí ìṣirò bá tọ̀nà ńkọ́, tó sì jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló dá wa dúró?

Ìdáhùn: Iye kan ṣoṣo kò lè mọ bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe rí. Bí ó bá rọlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn tó yára ti dé, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ìyà yóò jẹ. Bí ó bá sì le sí i, àwọn ni yóò jèrè. Èyí kì í ṣe ẹjọ́ tí a lè rò lẹ́yìn ìdíje kan ṣoṣo. Ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe ni kí wọ́n ya àwọn tó yára sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó lọ́ra, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó lọ́ra kọ́kọ́ gbéra, kí ẹni tó bá ṣáájú dé òpin sì jẹ́ olúborí lójú gbogbo èèyàn.

Ìbéèrè: Ta ni a ó fi ẹ̀sùn ìṣirò sùn?

Ìdáhùn: Ìgbìmọ̀ ìdíje ni, ní kíkọ sílẹ̀, kí gbèdéke tó wà nínú ìlànà ìdíje náà tó kọjá. Ẹ fi ìwé ìdíwọ̀n ọkọ̀ yín tì í.