Ẹ Má Fọ̀ Ọ́! Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Kó Kọ́ìnì Àtijọ́ Jọ

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó kọ́ìnì àtijọ́ jọ n'Ìbàdàn, owó yín tó ń ṣòfò ń dùn mí. Ẹnìkan á gbọ́ pé Harry Bass, olówó epo rọ̀bì ará Dallas, fi 687,500 dọ́là ra kọ́ìnì wúrà dọ́là mẹ́ta kan lọ́dún 1982, pé wọ́n sì tà á ju mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lọ lọ́dún 2023. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti kó owó oṣù rẹ̀ lọ sí Dùgbẹ̀.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Owó tí Bass ná lẹ ń wò, ẹ ò wo iṣẹ́ tó ṣe. Ọkùnrin yẹn ń kó ìwé nípa kọ́ìnì jọ bó ṣe ń kó wúrà jọ. Bí kọ́ìnì méjì bá jẹ́ ti ọdún kan náà, á tún wò ó bóyá òǹtẹ̀ kan náà ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Ta ni nínú yín ló ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá?

Ìkejì: ẹ má rò pé gbogbo ohun tó pẹ́ ló wọ́n. Kọ́bọ̀ onihò tí wọ́n kọ orúkọ Ọba Edward Kẹjọ sí lọ́dún 1936 ni wọ́n fi ń rẹ́ yín jẹ. Lóòótọ́, ọba yẹn kò pé ọdún kan lórí oyè. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ tiwa kò ní àwòrán orí ọba, orúkọ lásán ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde yanturu. Mo mọ ẹni tó fi owó àgbò ra ẹyọ kan ní Mọ́kọ́lá.

Fífọ kọ́ìnì ló ń bí mi nínú jù. Ọmọkùnrin kan láti Òjé kó ṣílè fàdákà ọdún 1913 wá bá mi, ogún ìyá rẹ̀ àgbà, inú kolobo ni wọ́n ti wà. Wọ́n ní kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ wọ́n kí wọ́n lè dán. Wọ́n dán lóòótọ́! Mo gbé awò lé wọn: irùngbọ̀n Ọba George Karùn-ún ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀ bí ẹni tí ológbò ha lójú. Imọ̀ igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ti para pọ̀, kò ṣeé kà mọ́. Àwọ̀ dúdú tó wà lára wọn tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ọ̀pọ̀ ọdún ló fi í bo fàdákà. Ẹni tó bá bó o ti bó owó. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣebí wọ́n ha nọ́ńbà 893 sára kọ́ìnì Bass náà." Wọ́n ha á, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo irú rẹ̀ layé mọ̀. Ṣílè 1913 ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ rà á yóò fi èyí tí wọ́n ti fọ̀ sílẹ̀, yóò mú èyí tí kò lábùkù. Bí erùpẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́, ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ tẹ omi kúrò lára rẹ̀. Ẹ má nù ún, ẹ má fi nǹkan kan ha á.

Etí kọ́ìnì ni kẹ́ ẹ máa fọwọ́ dì mú.

Ẹ má ra ṣílè 1938 ní owó fàdákà. Idẹ ni.

Náílọ́ọ̀nù rírọ̀ tí wọ́n fi irú ike tí wọ́n ń pè ní PVC ṣe lè sọ kọ́ìnì di aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ẹ wá àpò ìwé kékeré, ẹ kọ ẹni tó ni kọ́ìnì náà tẹ́lẹ̀ àti ilé tó ti jáde sí i lára. Bí ìyá àgbà bá ṣì wà láyé, ẹ lọ bi í lọ́sẹ̀ yìí.