Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Sísè Sírọ́ọ̀pù Pankéèkì Nílé

Ṣúgà àti omi ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fojú kéré rẹ̀. Wọ́n á da ṣúgà sínú ìkòkò, wọ́n á bu omi lé e láìwọ̀n, wọ́n á tan gáàsì sí i gidigidi, wọ́n á sì máa rò ó kíkankíkan. Nígbà tí pankéèkì bá fi máa dé orí tábìlì, ohun tó wà nínú ìkòkò ti lè di omi ṣúgà tó ń sá lọ sábẹ́ àwo, tàbí wóró tó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láàárín eyín. Nígbà mìíràn, ṣíbí gan-an ò ní lè wọ inú rẹ̀ mọ́.

Sírọ́ọ̀pù inú ìgò tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun kì í ṣe ohun tí à ń rà lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe omi igi maple tí àwòrán ewé ara ìgò ń jẹ́ ká rò pé ó jẹ́; sírọ́ọ̀pù àgbàdo ni, tí wọ́n fi àwọ̀ àti òórùn sí. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò náà, ẹ ó rí i. Ojúlówó ti igi maple, tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé, wọ́n máa ń se nǹkan bíi lítà 40 omi ara igi kó tó ku lítà kan. A ò ní igi yẹn nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń sè é dé ni àwa náà ń wá: kí ṣúgà jẹ́ nǹkan bí ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìyókù jẹ́ omi. Ẹni tó bá mọ iye omi tó kù nínú ìkòkò rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tí mo fẹ́ sọ níbí.

Ẹ má ṣe fojú wọn omi

Kọ́ọ̀pù ṣúgà kan sí kọ́ọ̀pù omi kan ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ìyẹn dára fún zobo. Fún pankéèkì, ìyà lásán ni. Kọ́ọ̀pù ṣúgà kan wọ̀n tó 200 gíráàmù, omi inú kọ́ọ̀pù yẹn kan náà sì tó 240. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ṣúgà ò ju nǹkan bí ìdá 45 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Kó tó dé 66, ó ju ìdajì omi náà lọ tó gbọ́dọ̀ gbẹ dànù. Gáàsì yín ló ń jó yẹn, tí ebi sì ń pa àwọn ọmọ.

Bí ẹ bá fi kọ́ọ̀pù ṣúgà méjì sí kọ́ọ̀pù omi kan, ó ti wà ní nǹkan bí 62 kó tó hó rárá. Omi tó yẹ kó gbẹ lẹ́yìn náà kò ju ṣíbí ńlá méjì sí mẹ́ta lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí iná tó mọ níwọ̀n ti ṣe é.

Kò dìgbà tí ẹ bá ní kọ́ọ̀pù ìwọ̀n. Agolo mílíìkì dára, ife tíì dára, bó bá ṣáà ti jẹ́ ohun kan náà lẹ fi wọn méjèèjì. Ẹni tó bá ń lo ṣúgà onígun mẹ́rin inú páálí, kó rún un kó tó wọ̀n ọ́n, torí àlàfo tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì á tàn án jẹ.

Ẹ má ṣe gbà á gbọ́ nígbà tó ṣì gbóná

Baba àṣìṣe nìyí. Bí sírọ́ọ̀pù bá gbóná, ṣíṣàn ló máa ń ṣàn, kódà nígbà tó ti jinná dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ á fi ṣíbí bù ú, á ní kò tíì ki, á dá a padà sórí iná. Á tún wò ó, á tún dá a padà. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá fi máa rí i pé ó ki nínú ìkòkò tó ń hó, ọ̀rọ̀ ti kọjá sírọ́ọ̀pù. Bó bá tutù, ẹ ó rí i pé baba dúdú tí kò ní àgbọn lẹ sè.

Omi lásán ń hó ní 100°C. Bí ṣúgà bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú omi náà ni ibi tó ti ń hó ṣe ń gòkè, nítorí náà gbígbóná ìkòkò gan-an ló ń sọ iye omi tó kù fún yín. Ní nǹkan bí 104°C, ó ti tó fún pankéèkì. Bó bá dé 112 sí 116, tí ẹ kán an sínú omi tútù, á di kókó rírọ̀ tí ọwọ́ lè tẹ̀. Ní nǹkan bí 150, á máa ṣẹ́ kára. Ẹ wò ó pé láàárín sírọ́ọ̀pù àti kókó rírọ̀, ìwọ̀n mẹ́jọ péré ni, àti pé bí omi bá ṣe ń kéré sí i ni ìwọ̀n yẹn ń sáré sí i. Ẹni tó bá lọ dáhùn fóònù ní 104 lè pàdé ohun mìíràn nígbà tó bá dé.

Àwọn tó ń gbé níbi gíga ní láti fi ọgbọ́n kún un. Ní Jos, omi ń hó ní nǹkan bíi 96°C, nítorí náà 100 ni wọn yóò ti gbé ìkòkò kúrò. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Denver l'Ámẹ́ríkà, omi tiwọn ń hó ní nǹkan bíi 95. Ìwọ̀n mẹ́rin sókè ibi tí omi ti ń hó ládùúgbò yín ni kẹ́ ẹ wá, ẹ má wulẹ̀ di 104 mú bí òfin.

Bí ẹ ò bá ní tẹ̀mómítà, ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ kékeré kan sínú fíríìsà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí sírọ́ọ̀pù bá ti hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ kán díẹ̀ sórí àwo tútù náà, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ wá dẹ àwo náà sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá sáré bí omi, ó kù. Bó bá rọra ń wọ́ lọ, ó ti tó. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ fi ṣíbí omi gbígbóná kan sí ìkòkò kíá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé kí wọ́n gbé ìkòkò kúrò lórí iná nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò. Àwo ń sọ pé ó ti tó, ìkòkò sì ń hó lọ lẹ́yìn wọn.

Ẹ má ṣe rò ó lẹ́yìn tó bá ti hó

Ní ojú ọjọ́ lásán, 100 gíráàmù omi lè gba nǹkan bí 200 gíráàmù ṣúgà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí i pé sírọ́ọ̀pù tó dára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ààlà yẹn. Bó bá wọ fíríìjì, omi inú rẹ̀ ò lè gba tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣúgà á sì máa wá ibi tí yóò dì mọ́. Wóró kan ṣoṣo tí kò yọ́, tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ti tó fún un. Tó bá já bọ́ sínú rẹ̀, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ ó bá iyanrìn nísàlẹ̀ ìgò.

Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rò ó, lórí iná tó rọlẹ̀, títí omi náà yóò fi mọ́ gaara tí ẹ ò ní gbọ́ kí ṣíbí há nǹkan kan nísàlẹ̀ ìkòkò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀. Ẹ fi ọmọrí dé ìkòkò fún ìṣẹ́jú bíi méjì nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Oòru yóò fọ wóró tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sínú omi. Bí nǹkan bá ṣì lẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ rì sínú omi nù ún sọ̀kalẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ọsàn wẹ́wẹ́. Ìdajì ṣíbí kékeré omi rẹ̀, sí kọ́ọ̀pù ṣúgà méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ sísè. Àwọn kan rò pé adùn nìkan ló ń fún un. Kíkan inú rẹ̀ ló ń ya apá kan ṣúgà náà sí oríṣi méjì, glúkóòsì àti fructose, tí wọn kì í jẹ́ kí wóró rí ojú ọ̀nà láti tò mọ́ ara wọn. Ṣíbí oyin kan lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjìlá bá wà nínú ilé, èyí tó ní oyin nínú kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu rárá. Kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí ikùn ọmọ ọwọ́ ò lè ṣẹ́gun, àìsàn tó ń fà sì le gan-an.

Bó bá ti dì kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ má dà á nù. Ẹ fi ṣíbí omi méjì tàbí mẹ́ta sí i, kẹ́ ẹ gbé e padà sórí iná kékeré títí gbogbo rẹ̀ yóò fi yọ́. Èyí tó bá jóná tó ń korò nìkan ni kò ní àtúnṣe.

Ìkòkò, àti iná

Ìkòkò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ máa ń jo ṣúgà lójú kan nígbà tí ojú kejì ò tíì gbóná. Ìkòkò tí inú rẹ̀ dúdú kì í jẹ́ kẹ́ ẹ rí àwọ̀ ṣúgà bó ṣe ń yí padà. Bí ẹ bá ń lo ṣúgà pupa, tí mo fẹ́ràn jù torí adùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti funfun lọ, ẹ wá ìkòkò tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó máa ń ru fóòmù, ó sì lè kún bo sítóòfù yín. Sírọ́ọ̀pù tó bá ní zobo, ọsàn tàbí ọ̀pẹ òyìnbó púpọ̀ nínú, ẹ má sè é nínú ìkòkò alumíníọ̀mù lásán: kíkan rẹ̀ á bá irin náà jà, adùn á yí padà, àwọ̀ zobo pàápàá lè ṣókùnkùn.

Àwọn tó ń yan ṣúgà títí á fi pọ́n kí wọ́n tó bu omi sí i ní láti ṣọ́ra gidi. Ṣúgà tó ti pọ́n gbóná ju 160°C lọ. Omi tútù tó bá kàn án lójijì yóò bú sókè, yóò ta sí ojú àti ọwọ́. Omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ lò, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹra fún ẹnu ìkòkò. Bó bá jó èèyàn, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi tu ibẹ̀ lójú fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin tútù pa á, ẹ má fi òróró pa á, bó ti wù kí àwọn ará ilé pariwo tó.

Adùn tó ń fò lọ

Fánílà tí a bá sè pẹ́ lórí iná, òórùn rẹ̀ á lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó kán an sí i. Atalẹ̀ ní tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń wọlé, kẹ́ ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ sì fi asẹ́ yọ ọ́ lẹ́yìn. Omi àgbọn fífún kì í fẹ́ híhó kíkan; òróró rẹ̀ á yà sọ́tọ̀, á sì léfòó. Ìyọ̀ díẹ̀, èyí tí ìka méjì lè mú, máa ń ṣe iṣẹ́ tó ju bó ṣe rí lọ.

Àwọn kan ń fi kọ̀ǹfíláwà mú un ki. Mi ò fara mọ́ ọn. Ó ń sọ sírọ́ọ̀pù di bí ògì, kì í mọ́ gaara mọ́, bó bá sì sùn mọ́jú, omi lè yà lára rẹ̀. Fún ọbẹ̀ èso tí ẹ fẹ́ jẹ tán lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò burú.

Ẹni tí dókítà ní kó ṣọ́ ṣúgà tó sì ń lo àdípò aládùn, kó mọ̀ pé dídùn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú àdípò yẹn lè dùn. Wọn kì í ki bí ṣúgà, bó ti wù kí a sè wọ́n pẹ́ tó. Oyin náà kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ, torí ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè.

Ìgò

Ìgò omi oníke tí ẹ ti mu tán kò yẹ fún sírọ́ọ̀pù gbígbóná, ó máa ń súnkì. Ìgò gíláàsì tútù lè sán. Ẹ fi omi gbígbóná fọ ti gíláàsì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá, torí omi tó bá kù nínú rẹ̀ máa ń mú kí òkè sírọ́ọ̀pù ṣàn, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ṣíbí tí ẹnì kan ti fi jẹun ò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Èyí tó ki dáadáa lè pẹ́ nínú fíríìjì. Èyí tó ní èso nínú, ẹ gbìyànjú láti jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá níbi tí iná mànàmáná bá ti ń ṣe ségesège.

Nípa pankéèkì gan-an: tiwa fẹ́lẹ́, a sì ń ká a, kò wú bíi ti Amẹ́ríkà. Sírọ́ọ̀pù tó ki jù máa ń jókòó sórí rẹ̀ ni, kò ní wọ inú ìká. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní 102 tàbí 103 dípò 104, kẹ́ ẹ sì dà á lé e nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá jẹ́ pé ata àti àlùbọ́sà lẹ gé sínú pankéèkì tiyín, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe, ẹ jẹ́ kí sírọ́ọ̀pù dúró sínú fíríìjì di ọjọ́ mìíràn. Mo mọ àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀ tí wọ́n sì ń gbádùn rẹ̀. Tíì ló yẹ irú pankéèkì bẹ́ẹ̀ lójú tèmi.