Bí A Ṣe Lè Gba Owó Káàdì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Láìni Oníbàárà Lára, Láìsì Ṣílẹ̀kùn fún Oníjìbìtì

Bí Ojúde Ọba bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni kò sí nílé. Wọ́n wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, káàdì ni wọ́n sì fi ń sanwó aṣọ òkè àti léèsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń ta gàárì Ìjẹ̀bú, tó sì ń rí i pé àwọn oníbàárà kan ń fi owó sísan sílẹ̀ lágbedeméjì nígbà tí báǹkì bá ní kí wọ́n fi hàn pé àwọn ló ni káàdì. N kò gbà pé kí a mú ìbéèrè yẹn kúrò. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kó le níbi tí owó bá pọ̀ tí a kò sì mọ ẹni tó ń rà, kó sì rọ̀ níbi tí owó kò tó nǹkan, tí ẹni náà sì ti rà lọ́wọ́ wa rí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ tí yóò parí, àti nọ́ńbà ààbò mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní CVV, ara káàdì ni gbogbo wọn sábà máa ń wà, ẹni tó bá sì ti ya fọ́tò rẹ̀ níwá lẹ́yìn ti ní wọn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ètò 3-D Secure sílẹ̀, nínú èyí tí báǹkì tó fún oníbàárà ní káàdì yóò fúnra rẹ̀ bi í léèrè kí owó tó kúrò. Nínú ti àtijọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé ni wọ́n sábà ń béèrè. Ẹ̀dà kejì, tí EMVCo, àjọ tí àwọn ilé iṣẹ́ káàdì dá sílẹ̀, gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2016, ń jẹ́ kí ìkànnì olùtajà fi irú fóònù tí oníbàárà ń lò, àdírẹ́sì tí ọjà ń lọ àti iye owó ránṣẹ́ sí báǹkì. Bí báǹkì bá rí i pé gbogbo rẹ̀ bá ìṣe oníbàárà náà mu, ó lè jẹ́ kó kọjá láìbéèrè ohunkóhun. Ní ti káàdì Nàìjíríà, ohun tí a sábà máa ń rí ni PIN, lẹ́yìn náà OTP, ìyẹn kóòdù tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sí nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́wọ́ báǹkì.

Nítorí náà, yálà Paystack, Flutterwave tàbí Interswitch ni ilé iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó káàdì, ẹ má ṣe ní kí wọ́n yọ ètò yìí kúrò lórí káàdì òkè òkun nítorí kí owó lè tètè wọlé. Bí báǹkì bá ti jẹ́rìí sí ìsanwó nípasẹ̀ 3-D Secure, tí oníkáàdì wá sọ lẹ́yìn náà pé òun kọ́ ló rajà, báǹkì yẹn ló sábà máa ń ru ẹrù rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rí yẹn, ọwọ́ yín ni wọn yóò ti gba owó padà, aṣọ yóò sì ti lọ. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, tó fi dandan lé e pé kí oníkáàdì fi ẹ̀rí méjì hàn nínú ohun tó mọ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ohun tó jẹ́ ara rẹ̀, bí ìka tàbí ojú, fàyè gba ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ju 30 yúrò lọ. Ṣùgbọ́n báǹkì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àyè yẹn kọjá ìsanwó márùn-ún léraléra, tàbí àpapọ̀ 100 yúrò, kó tó tún béèrè.

Ibi tí ẹ ti lè mú un rọrùn láìséwu pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ìwé ìsanwó yín gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ímeèlì àti àdírẹ́sì ní pípé, nítorí ohun tí báǹkì bá mọ̀ ni yóò dín ìbéèrè rẹ̀ kù. Ní ti oníbàárà tó ń padà wá, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ ìsanwó fi àmì kan pa káàdì rẹ̀ mọ́ sọ́dọ̀ tiwọn, kó má baà máa tẹ nọ́ńbà ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin fúnra yín kò gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà náà síbì kankan, olùtajà kankan kò sì gbọ́dọ̀ pa CVV mọ́ lẹ́yìn tí báǹkì bá ti fọwọ́ sí ìsanwó.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni ti WhatsApp. Olùtajà yóò sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ya káàdì yín ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì ka kóòdù tó bá wọlé fún mi, kí n bá yín parí ẹ̀.” Ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́, nítorí a mọ ara wa, a sì fọkàn tán ara wa. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí ẹ bá ti kọ́ láti ka OTP fún yín, yóò kà á fún ẹni tó bá pè é lọ́la tó ní báǹkì ni òun ti ń pè. Bí ẹni náà kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ káàdì, ẹ fi líǹkì ìsanwó ránṣẹ́ sí i kí ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, tàbí kí ẹ fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù kó fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé ìsanwó gbangba pé ẹ kì í béèrè OTP lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí OTP kò bá tètè dé, kí oníbàárà dúró díẹ̀ kó tó tún béèrè, nítorí bí kóòdù tuntun bá ti jáde, ti àkọ́kọ́ kì í sábà ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó wà lókè òkun tí síìmù Nàìjíríà rẹ̀ ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tipẹ́ gbọ́dọ̀ yí nọ́ńbà padà ní báǹkì, torí wọ́n lè gba láìnì tí a kò lò fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn. Bí báǹkì rẹ̀ bá ní áàpù tí a fi ń fọwọ́ sí ìsanwó, èyí sàn ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Kí ó ka iye owó inú àtẹ̀jíṣẹ́ náà dáadáa kó tó tẹ kóòdù. Bí iye náà bá yàtọ̀ sí ohun tó ń rà, kó má tẹ̀ ẹ́. Bí fóònù rẹ̀ bá sì ṣàdédé pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìnídìí, olè lè ti gba nọ́ńbà rẹ̀ kí OTP lè máa lọ sọ́dọ̀ tirẹ̀, nítorí náà kí oníbàárà fi fóònù mìíràn kọ́kọ́ pe báǹkì láti ti káàdì pa, kó tó lọ bá ilé iṣẹ́ fóònù.

Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá fi káàdì òkè òkun ra aṣọ odindi ẹgbẹ́, tó sì ní kí ẹ gbé e lọ sí àdírẹ́sì ẹlòmíràn ní Ṣágámù lójú ẹsẹ̀, ẹ dá aṣọ dúró, ẹ pè é lórí fídíò, kí ẹ sì wádìí lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ náà. Ẹ kò nílò irú èyí fún ẹni tó ra gàárì díẹ̀.

Síbẹ̀ owó kékeré náà ní ewu tirẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo àwọn ìsanwó tó kùnà. Bí ó bá jẹ́ pé orí OTP ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró, àlàyé ojú ìwé yín ló yẹ kí ẹ tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí oríṣiríṣi káàdì tí wọ́n fi ń gbìyànjú owó táṣẹ́rẹ́ léraléra láti ibì kan náà, àwọn olè ló ń dán káàdì jíjí wò níbẹ̀. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìsanwó yín lọ́jọ́ yẹn gan-an pé kí wọ́n dí ibẹ̀, kí ẹ sì dá owó tó bá ti wọlé padà kí oníkáàdì tó kígbe.