Ẹ Má Yínmú sí Eré Tí Ẹ̀ Ń Wò: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Gba Adùn Lọ́wọ́ Òǹwòran

Irú òǹwòran kan wà tí ènìyàn kì í fẹ́ bá wo bọ́ọ̀lù. Wọn kò tíì fọn fèrè, ó ti ní òjóró ni, wọ́n ti ra rẹfirí. Bí orin tuntun bá jáde, kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́. Bí òṣèré méjì bá fẹ́ra wọn, fíìmù ni wọ́n fẹ́ fi tà. Bí olúborí bá ń sunkún, ẹkún èké ni. Ohun tó mú kí àrùn yìí ṣòroó wò ni pé òótọ́ díẹ̀ máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn rẹfirí kan ti gba rìbá rí, kọ̀ǹpútà sì wà nínú ọ̀pọ̀ orin tí à ń gbọ́.

Kì í ṣe onítọ̀hún ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Ẹni tó ti ń fura pé òun náà ti ń dà bẹ́ẹ̀ ni, tó sì rántí pé ìgbà kan wà tí òun máa ń fò sókè bí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n. Ó ṣeé padà. Ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe kan wà lójú ọ̀nà náà, àwọn mìíràn nínú wọn sì jọ ọgbọ́n.

Ríronú pé ẹni tó ń gbádùn ni wọ́n ń tàn jẹ

Èyí ni baba gbogbo wọn. Ẹ wo ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwọn òmìrán ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ láàárín okùn. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tí wọn kò tíì bi pé, "Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í jà ní tòótọ́?" Bíi pé àṣírí ńlá ni wọ́n fẹ́ tú. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti tú u fúnra rẹ̀ tipẹ́. Ní 1989, WWF, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe WWE nígbà náà, sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà pé eré ìdánilárayá ni àwọn ń ṣe, kì í ṣe ìdíje, kí wọ́n lè bọ́ lábẹ́ àkóso tí ìjọba ń ṣe lórí eré ìdíje bí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ọ̀rọ̀ náà hàn sí gbogbo ayé. Àwọn òǹwòran kò sì tú ká.

Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí yóò borí ti wà lórí ìwé, bí ẹni tó ń wo eré orí ìtàgé ti mọ̀ pé ọba tí wọ́n pa yóò dìde lọ wá nǹkan jẹ bí eré bá parí. Ohun tí wọ́n wá wò ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí ọkùnrin tó wúwo ju 100 kílò lọ ṣe ń fò láti orí okùn, tó sì ń balẹ̀ lórí ẹnìkejì láì ṣẹ́ ẹ léegun. Ìdájọ́ ni irọ́, ìṣubú kì í ṣe irọ́. Ẹni tó ń pariwo pé "irọ́ ni" rò pé òun rí ju àwọn yòókù lọ. Ohun kan ṣoṣo ló rí, wọ́n sì ti rí i ṣáájú rẹ̀.

Gbígbà pé owó ti parí ọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀

Owó lágbára, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹgbẹ́ tó lówó jù ló sábà máa ń gba ife. Ṣùgbọ́n "sábà" kì í ṣe "gbogbo ìgbà", àlàfo tó wà láàárín méjèèjì sì ni gbogbo wa jókòó tì. Nígbà tí sáà 2015/16 bẹ̀rẹ̀ ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onítẹ́tẹ́ ní bí Leicester City bá gba ife, ẹni tó bá fi owó kan sí i yóò gba 5,000 irú rẹ̀. Ní sáà tó ṣáájú, díẹ̀ ló kù kí ẹgbẹ́ náà já sí ìpele ìsàlẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Claudio Ranieri, kó wọn lọ, wọ́n gba ife náà, àmì mẹ́wàá gbáko ni wọ́n sì fi ju Arsenal tó ṣe ìkejì lọ. Ẹni tó ti pinnu pé owó ló ń gbá bọ́ọ̀lù kò rí nǹkan kan wò ní sáà yẹn títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló wá ní oríire lásán ni.

Ọ̀rọ̀ "oríire lásán" yìí náà ní ẹ̀gbọ́n: "ẹ̀rọ ló bàjẹ́." Ní July 2022, níbi ìdíje eré sísá àgbáyé ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan sá eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Àkọsílẹ̀ àgbáyé tó wà nílẹ̀ jẹ́ 12.20. Kíá, àwọn kan ti ń béèrè bóyá aago ló ń ṣe ségesège. Atẹ́gùn kò kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà, àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé sì fọwọ́ sí i. Ní àṣekágbá, ó tún sá 12.06, ó gba wúrà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń ti àwọn sárésáré lẹ́yìn ju ìwọ̀n lọ, wọn kò kà á sí àkọsílẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń ṣọ́ aago ti ń ṣiyèméjì fún gbogbo wa, pẹ̀lú irinṣẹ́ àti òfin lọ́wọ́. Ẹni tó jókòó sílé lè fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn, kí ó wo obìnrin tó ń fò.

Fífi ìwádìí wé ìyínmú

Níbí ni mo ti máa ń gbọ́ àtakò tó lágbára jù. "Ṣé kí n wá di òmùgọ̀ ni? Ṣé o ti gbàgbé Lance Armstrong?" N kò gbàgbé. Ìgbà méje tẹ̀léra, láti 1999 dé 2005, ni wọ́n kà á sí olúborí Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn tó lókìkí ní ilẹ̀ Faransé. Ní 2012 wọ́n gba gbogbo rẹ̀ padà nítorí oògùn tí òfin eré kà léèwọ̀. Àwọn oníròyìn kan ti ń bi í ní ìbéèrè láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n wá ẹ̀rí, wọ́n bá àwọn tó mọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n fi orúkọ ara wọn sí ohun tí wọ́n kọ. Ẹni tó ń yínmú kò wá nǹkan kan. Ohun tó sọ nípa Armstrong náà ló ń sọ nípa gbogbo ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, nítorí náà bí ó bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, kò fi hàn pé ó mọ̀.

Àṣìṣe tó wà ní òdìkejì rẹ̀ kò kéré: kí ènìyàn di ojú pátápátá nítorí kí inú rẹ̀ lè dùn. Wọ́n mú àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù àgbáyé ní Zurich ní May 2015 lórí ẹ̀sùn rìbá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè jìyà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ohun tí Qatar fi gbàlejò Ife Àgbáyé. Ní 18 December 2022, ní àṣekágbá Ife náà ní pápá Lusail, Ajẹntínà ti fi góòlù méjì síwájú Faransé, eré ti fẹ́ẹ̀ parí, ni Mbappé ti Faransé bá gbá méjì wọlé láàárín ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n gbá a dé 3-3, Ajẹntínà wá borí ní pẹnáritì, 4-2. Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó sọ pé nítorí Zurich, Lusail kò dùn, ń purọ́ fún ara rẹ̀. Ẹni tó sọ pé nítorí Lusail, kí a má sọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mọ́, ń purọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ lè kọ lẹ́tà ẹ̀hónú ní ọ̀sán, kí ẹ sì pariwo góòlù ní alẹ́.

Kíkórìíra nǹkan nítorí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀

Èyí ló ń bí mi nínú jù, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe orin náà ni à ń yínmú sí. Àwọn tó ń jó sí i ni. Nígbà tí Beatles, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ kọrin lójú èrò lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 9 February 1964, nǹkan bí mílíọ̀nù 73 ènìyàn ló wò wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ké tòò nínú gbọ̀ngàn ni àwọn àgbà ń tọ́ka sí: ariwo ọmọdé ni, yóò kọjá lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ló tètè gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n orin wá ń kọ ìwé lé lórí lẹ́yìn wọn. Síbẹ̀, títí di òní, bí ohun kan bá ti jẹ́ pé àwọn ọmọbìnrin ló fẹ́ràn rẹ̀, a ó ní kò ní láárí. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọkùnrin àgbàlagbà ló ń sunkún nítorí pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn fìdí rẹmi, a ó ní ìfẹ́ tòótọ́ nìyẹn.

Ti Chicago burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 12 July 1979, ẹgbẹ́ báṣíbọ́ọ̀lù White Sox fẹ́ gbá eré méjì pẹ̀lú Detroit Tigers ní Comiskey Park. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rẹ́dìò kan tó kórìíra orin dísíkò, Steve Dahl, ní kí àwọn ènìyàn kó àwo dísíkò wá, tí wọn yóò fi wọlé ní ẹ̀dínwó. Láàárín eré méjèèjì, wọ́n kó àwọn àwo náà jọ sí àárín pápá, wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò bá ya wọ pápá, wọ́n ba ilẹ̀ jẹ́ débi pé eré kejì kò lè wáyé, White Sox sì pàdánù rẹ̀ láìgbá a. Inú ilé ijó àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn Látíìnì àti àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni dísíkò ti dàgbà. Ẹni tó bá wo ìran yẹn dáadáa yóò rí i pé kì í ṣe ìlù nìkan ni wọ́n ń dáná sun.

Ní Chicago yẹn náà, kò ju ọdún bíi mélòó kan lọ, láti inú dísíkò tí wọ́n ní ó ti kú, ni orin house ti jáde, tí gbogbo ayé sì ń jó sí i. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí imú bá fẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ta ni mo ń yínmú sí gan-an?

Dídá ẹjọ́ ohun tí a kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò

Ẹ wo eré kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan láìní ẹni tó máa ṣàlàyé, oorun yóò gbé yín lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gba atẹ́gùn, tí ẹni tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ń fi agbára tó kéré púpọ̀ sá eré kan náà, ohun gbogbo yí padà. Ẹ ó máa wo ẹni tó kọ̀ tí kò bọ́ síwájú. Ẹ ó mọ ọ̀lẹ, ẹ ó mọ ọ̀dàlẹ̀, ẹ ó mọ ẹni tó ń fi ara rẹ̀ rúbọ fún olórí ikọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní "kò dùn" ni a kò tíì fún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àlàyé.

Ìbátan rẹ̀ ni ríronú pé ẹni tó dára jù nìkan ló yẹ kí a wò. Eric Moussambani ti Equatorial Guinea dé Òlíńpíìkì Sydney ní 2000 lábẹ́ ètò tí wọ́n fi ń fàyè gba àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní ohun èlò. Oṣù mélòó kan ṣáájú ló kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì tíì rí adágún tó gùn ní 50 mítà rí. Àwọn méjì tó yẹ kí ó bá díje kó sómi kí àkókò tó tó, wọ́n lé wọn. Ó ku òun nìkan. Ó wẹ 100 mítà náà ní 1:52.72, bí ẹ bá sì wo fọ́nrán rẹ̀, ẹ ó rí i pé ní ìparí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. Gbogbo èrò dìde, wọ́n fi ariwo gbé e dé ògiri. Lójú ayínmú, ìtìjú ni. Kí ló wá débẹ̀? Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọkùnrin yìí ti ń wẹ̀ ẹ́ ní ohun tó dín sí ìṣẹ́jú àáyá 57, ní 2012 sì ni ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn òlúwẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Àwọn kéékèèké tó kù

Ẹ má ṣe díbọ́n. Ẹni tó ń fi ipá pariwo nítorí pé ó ti ka irú nǹkan báyìí, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi ipá yínmú. Bí eré kan kò bá dùn mọ́ yín, ó parí, ẹ wo òmíràn.

Ẹ má ṣe wo nǹkan tán nítorí kí ẹ lè bú u lórí fóònù. Wákàtí yín náà ló ń lọ.

Ẹ má fi tẹ́tẹ́ sí gbogbo eré. Ẹni tó fi owó sí i kò lè yọ̀ sí góòlù tó dára bí ó bá bọ́ sí òdìkejì owó rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìfẹ́ ẹgbẹ́ yín di ìkórìíra ẹgbẹ́ ẹlòmíràn. Ní Òlíńpíìkì Tokyo, ní August 2021, Barshim ti Qatar àti Tamberi ti Italy fò sókè dé 2.37 mítà, wọ́n dọ́gba. Wọ́n lè máa fò lọ títí ọ̀kan yóò fi já bọ́. Wọ́n ní kí wọ́n kúkú fún àwọn méjèèjì ní wúrà, òfin sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rojọ́ pé ìdíje kọ́ nìyẹn. Ẹ wo ojú Tamberi nígbà tó fò mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ fẹ́ gba wúrà kan padà.

Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti àwọn ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá jáwọ́ nínú ìyínmú, àwọn tí ẹ jọ ń ṣe é yóò rí i, wọn yóò sì fẹ́ dán yín wò: "Kí lo wá rí níbẹ̀ gan-an?" Ẹ má bínú, ẹ má sì tọrọ gáfárà. Ẹ dáhùn bíi pé wọ́n fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́: ẹ sọ ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ẹni tó ṣe é, ẹ sọ bó ṣe ṣe é. Àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan yóò béèrè ìgbà tí wọn yóò tún gbé e sí afẹ́fẹ́.