Ajílẹ̀ Sílíkọ́nì fún Ìrèké: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Àgbẹ̀ Èkìtì

Bí àgbẹ̀ bá ń ro ohun tí ìrèké ń fà nínú ilẹ̀, nàítírójìn, fọ́sífọ́rọ́sì àti pòtáṣíọ̀mù ló sábà máa ń wá sí i lọ́kàn, nítorí pé àwọn ni wọ́n kọ sára àpò ajílẹ̀. Síbẹ̀, sílíkọ́nì, èròjà kan tí wọn kì í kọ síbẹ̀, wà lára ohun tí ìrèké ń fà jù lọ. Níbi tí ó bá ti pọ̀ nínú ilẹ̀, ìrèké orí hẹ́kítà kan lè kó tó kílò 300 rẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ìrèké sí àkùrọ̀ àti etídò káàkiri Èkìtì, àti fún ìdílé tó gbin ìdí díẹ̀ sẹ́yìnkùlé.

Ẹnìkan lè béèrè pé, nígbà tó jẹ́ pé sílíkọ́nì wà nínú yanrìn, tí òkúta ilẹ̀ wa sì ń di yanrìn lójoojúmọ́, kí ló tún kù tí a ó máa wá kiri? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbòǹgbò kò lè mu sílíkọ́nì àfi èyí tó bá ti yòrò sínú omi ilẹ̀, yanrìn kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò rárá. Èyí tó lè yòrò ni òjò ti ń ṣàn lọ láti ayébáyé, pàápàá nínú ilẹ̀ oníyanrìn àti ilẹ̀ tí a ń ro lọ́dọọdún láìdá ohunkóhun padà sí i. Yanrìn lè kún oko, kí ebi sílíkọ́nì sì máa pa ìrèké tó wà lórí rẹ̀.

Bí gbòǹgbò bá ti mu ún, omi á gbé e dé ewé; omi á gbẹ lọ, sílíkọ́nì á kù sínú awọ ewé àti èèpo ọ̀pá, á sì le bíi dígí. (Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí etí ewé ìrèké máa gé wa lọ́wọ́.) Irú ewé bẹ́ẹ̀ máa ń nà ṣánṣán, kì í ṣíji bo ẹgbẹ́ rẹ̀, omi kì í sì í tètè gbẹ lára rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọ̀pá náà kì í tètè ṣubú bí ìjì bá jà. Èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ti ìdin tó ń gbẹ́ inú ìrèké: ìwádìí ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé ìjẹ Eldana saccharina, kòkòrò ilẹ̀ Áfíríkà tó ń jẹ àgbàdo wa náà, máa ń dínkù lára ìrèké tó rí sílíkọ́nì tó. Ní Hawaii, Mauritius àti Florida, ìrèké pọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti da kálísíọ̀mù sílíkéètì (ajílẹ̀ tí sílíkọ́nì àti kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀) sí ilẹ̀ tí kò ní sílíkọ́nì tó. Bí ilẹ̀ bá ti ní in tó, àǹfààní rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Láti mọ̀ bóyá ìrèké yín ń fẹ́ ẹ, ẹ wo ewé tó ti dàgbà, ní ìhà tó kọjú sí oòrùn. Bí ẹ bá rí tó-tò-tó kékeré, funfun tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ fi ìka nù ún. Bí ìyẹ̀fùn pupa bíi ìpẹtà bá lẹ̀ mọ́ ìka, àrùn ni, sílíkọ́nì nìkan kò ní wò ó. Bí kò bá sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, tí ewé ìsàlẹ̀ sì ń yára gbẹ, àìtó sílíkọ́nì lè wà níbẹ̀.

Kálísíọ̀mù sílíkéètì tí wọ́n ń lò lókè òkun sábà máa ń jẹ́ ìdàrọ́ iléeṣẹ́ irin tí wọ́n ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe kó ìdàrọ́ tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ dà sóko, nítorí òjé àti májèlé mìíràn lè wà nínú rẹ̀. Ohun tó sún mọ́ wa ni èèpo ìrẹsì tó máa ń ṣẹ́ jọ bí òkìtì sẹ́yìn ẹ̀rọ ìbórẹsì, ní Ìgbẹmọ àti níbi gbogbo tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì. Nínú ìdá mẹ́wàá eérú rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án jẹ́ sílíkọ́nì tó so mọ́ ọ́síjìn.

Ọ̀nà tí ẹ gbà sun ún ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ jẹ́ kí ó máa jó díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ èéfín, kí ó má ràn wòwò. Eérú tó dúdú tàbí tó dúdú mọ́ funfun máa ń yòrò ju èyí tí iná líle sọ di funfun gbòò lọ, eruku ti iná líle yìí sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ́n omi sí eérú kí ẹ tó rù ú, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú.

Fún ìdánwò, kílò 30 eérú tó fún ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 10 lóòró àti mítà 10 níbùú. Nǹkan bí kílò 150 èèpo ni yóò mú un wá. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó gbìn, ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ dé ibi tí gbòǹgbò yóò wà, nítorí kì í rìn jìnnà nínú ilẹ̀. Fún ìrèké tó ń hù padà láti ara kùkùté, ẹ la ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, kí ẹ dà á síbẹ̀, kí ẹ sì bò ó. Kò lè rọ́pò ajílẹ̀ NPK (nàítírójìn, fọ́sífọ́rọ́sì àti pòtáṣíọ̀mù) tàbí ìgbẹ́ adìẹ. Ẹ má sì pò ó pọ̀ mọ́ yúríà, ajílẹ̀ tó kún fún nàítírójìn: òórùn tó ń ta wá nímú nígbà náà ni nàítírójìn tí ẹ fowó rà, tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín wọn. Ẹ má dà á ní àdàjù, torí eérú tó pọ̀ jù máa ń dí ìrèké lọ́wọ́ láti rí irin àti síńkì mu.

Ẹ fi ilẹ̀ mìíràn tó tóbi bákan náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìda eérú sí i, kí ẹ tọ́jú méjèèjì bákan náà. Nígbà ìkórè, ẹ ka ọ̀pá tó ṣubú àti oríkèé tí ìdin gbẹ́ ní ìhà méjèèjì, kí ẹ sì wọn ìwúwo wọn, kí ẹ tó pinnu bóyá kí ẹ kó eérú dé gbogbo oko. Ní ti ewé tí ẹ bá gé kúrò lára ìrèké, ẹ má fi iná sun ún. Ẹ tẹ́ ẹ sí àárín poro, nítorí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú sílíkọ́nì tí ìrèké fà wà, yóò sì padà sínú ilẹ̀ bí ó bá ti ń jẹrà.